Ta Ni Yóò Bomi Rin Ín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń retí olùkọ́, ẹnì kan béèrè ní kíláàsì wa pé tí a bá lówó rẹpẹtẹ, kí la máa fi ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun á ra erékùṣù, òun nìkan á máa gbé ibẹ̀ láàárín igi àti ẹyẹ, kò ní sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò ní sí ẹni tó máa wá tọrọ nǹkan. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ṣe é rí o.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Brendon Grimshaw lorúkọ rẹ̀. Akọ̀ròyìn bíi tiwa ni. Ní 1962, ó fi £8,000 ra erékùṣù kan tó ń jẹ́ Moyenne ní Seychelles, nínú Òkun Íńdíà. Kò tóbi: ẹ to pápá bọ́ọ̀lù bíi méjìlá pọ̀, ẹ ti rí i. Igbó ti bo ibẹ̀ nígbà tó rà á. Wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Grimshaw náà ò dá a ṣe. Òun àti ọmọ Seychelles kan, René Lafortune, ló fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà, tí wọ́n gbin igi bí 16,000, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ìjàpá ńláńlá tó lé ní 100.

Àwọn kan á ní kò dáa kí ẹnì kan ṣoṣo ni odindi erékùṣù. Mo gbà. Bí gbogbo olówó bá ń rà á, tí wọ́n ń kọ "Má wọ ibí" sí etí omi, níbo ni apẹja máa gúnlẹ̀ sí? Ṣùgbọ́n Grimshaw ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olówó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò tà. Kò bímọ, Lafortune sì kú ní 2007. Ló bá bá ìjọba ṣàdéhùn, Moyenne di ọgbà ìṣẹ̀dá tí ìjọba ń dáàbò bò. Òun náà kú ní 2012, àmọ́ títí dòní, àlejò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe rírà ló gba erékùṣù yẹn là. Owó lè ra ilẹ̀, kò lè bomi rin igi. Àwọn tó dúró tì í ló gbà á là.

Ẹ wo ẹ̀yìn kíláàsì SS2. Ní táàmù tó kọjá, a gbin igi mẹ́wàá síbẹ̀, a ya fọ́tò, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a máa ti họ́lídè dé, ewúrẹ́ ti jẹ méje. Ṣé owó ni kò sí? Rárá. Tí aago méjì bá ti lù, kálukú ti gba ilé lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan gba igi tirẹ̀. Àwa tí ilé wa ò jìnnà á máa wá bomi sí i nígbà họ́lídè. Kíláàsì tí igi rẹ̀ bá kú, ká kọ orúkọ wọn sára ògiri yìí.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, tí o bá ra erékùṣù lọ́jọ́ kan, màá wá kí ẹ níbẹ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ wá bu omi sí mẹ́ta tó kù yìí ná.