Wọ́n Ní Ẹgbẹ́ Obìnrin Kì Í Pẹ́ Túká

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń bí mi nínú láti ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibikíbi tí àwọn obìnrin bá ti kó ara wọn jọ láti ṣe iṣẹ́, ẹnìkan yóò mi orí, yóò ní: « Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin kì í pẹ́ túká. Ìlara ni yóò bà á jẹ́. » Nígbà mìíràn, obìnrin gan-an ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin mẹ́jọ tí ń yan gàrí wá tọrọ owó yíyá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń dá àjọ pọ̀. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ owó wọn sí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì mọ́. Ọkùnrin tí ó jókòó nídìí tábìlì kò tilẹ̀ ṣí ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n padà wá pẹ̀lú ọkọ wọn, nítorí pé òun kò lè yá owó fún ohun tí yóò túká lọ́la. Wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìyá àgbà tí ó mú ìwé náà wá tún un rọ́ sábẹ́ abíyá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn orin Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn ọkùnrin náà. Ó ní: « Òótọ́ ló sọ. Ẹ wo àwọn Labelle. Wọ́n ní òkìkí, wọ́n ní owó, síbẹ̀ wọ́n jà, wọ́n túká. »

Ó dára. Labelle ni ó mú ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí á pe ẹlẹ́rìí náà, kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Labelle jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Patricia Holte jẹ́ ará Philadelphia. Nona Hendryx àti Sarah Dash jẹ́ ará Trenton, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀. Oníwàásù ni bàbá Sarah. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni kẹrin wà pẹ̀lú wọn, Cindy Birdsong. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1962, kò sí èyí tí ó pé ogún ọdún nínú àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ.

Orúkọ wọn ìgbà náà ni Blue Belles. Oníṣòwò mọ́tò kan ní Philadelphia ni ó ní ilé-iṣẹ́ àwo orin kékeré tí ó gbà wọ́n. Patricia sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ojú òun kò wu ọkùnrin náà rárá, pé òun dúdú jù lójú rẹ̀. Ìgbà tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ó yí ọkàn padà. Òun náà ni ó wá sọ ọ́ ní Patti LaBelle. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé mọ ìtumọ̀ rẹ̀: arẹwà obìnrin. Ẹni tí ó sọ pé ọmọ kò lẹ́wà ni ó sọ ọ́ ní arẹwà, nítorí pé orúkọ náà yóò tajà.

Ní 1962 kan náà, àwo orin kan jáde ní orúkọ àwọn Blue Belles. « I Sold My Heart to the Junkman » ni orúkọ orin náà. Ó gbajúmọ̀ gan-an, ó dé ipò 15 ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa: kì í ṣe ohùn wọn ni ó wà nínú àwo náà! Ẹgbẹ́ obìnrin mìíràn, àwọn Starlets ti Chicago, ni wọ́n kọ ọ́. Àwọn Starlets ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà a kò lè tẹ orúkọ wọn sára àwo náà. Wọ́n bá tẹ orúkọ àwọn Blue Belles sí i. Àwọn ọmọ Philadelphia sì jáde lọ, wọ́n ń kọ orin tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, níwájú àwọn ènìyàn tí wọ́n rò pé àwọn ni. Àwọn kan kọrin, wọn kò rí orúkọ. Àwọn kan gba orúkọ, wọn kò kọrin.

Ẹ sọ fún mi, ta ni ó jowú ta ni níbẹ̀? Obìnrin mélòó ni ó jókòó nígbà tí wọ́n ń pinnu rẹ̀?

Lẹ́yìn náà, wọ́n tún orúkọ ẹgbẹ́ ṣe: « Patti LaBelle and the Bluebelles ». Orúkọ ẹnìkan lọ síwájú, ti àwọn mẹ́ta yòókù wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ púpọ̀, ẹ mọ ohun tí èyí ń fà. Bí o bá mú ọmọ kan gbé sórí àga, tí o ní kí àwọn yòókù jókòó sílẹ̀, tí ìjà bá dé lọ́la, ṣé àwọn ọmọ ni ó yẹ kí á bá wí?

Ní 1967, Cindy fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ sínú ẹgbẹ́ Supremes, ẹgbẹ́ obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nígbà náà. Àyè tí ó lọ bọ́ sí, àyè Florence Ballard ni. Florence yìí wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Detroit. Ilé-iṣẹ́ wọn yọ ọ́ kúrò ní 1967, wọ́n sì sọ orúkọ ẹgbẹ́ di « Diana Ross and the Supremes ». Florence kú ní 1976. Ọmọ ọdún 32 ni. Títí di òní, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé òun àti Diana ń jà. Ilé-iṣẹ́ tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọn kì í dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí yóò fi di 1970, ọjà wọn ti kú. Obìnrin kan, Vicki Wickham, tí ó ti ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, di alábòójútó wọn. Ó ní kí wọ́n bọ́ wíìgì àti aṣọ gígùn tí gbogbo wọn ń wọ̀ bákan náà. Ó ní kí orúkọ náà kúrú. Patti kò fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n jiyàn, wọ́n sì gbà. Ní 1971, wọ́n di Labelle. Ó wù mí kí orúkọ tuntun náà má jẹ́ ti ẹnìkan nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn.

Ohun tí ó yí padà jù lọ ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nona bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin sílẹ̀. Kì í ṣe orin « olólùfẹ́ mi já mi sílẹ̀ » nìkan. Ó kọ nípa ìlú, nípa ìjọba, nípa ohun tí ojú obìnrin ń rí. Ohùn Patti ga bíi fèrè, ti Sarah mọ́ gaara, ti Nona wúwo nísàlẹ̀. Wọ́n sì ń fi wọ́n sínú orin tí wọ́n ń pè ní fọ́ńkì, èyí tí ìlù àti gìtá olóhùn ńlá ń fà, tí ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó kì í lè jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ jó sí orin Orchestre Poly-Rythmo ti Kùtọnu ní ìgbà náà, ẹ mọ irú orin tí mo ń wí. Wọ́n wọ aṣọ fàdákà àti ìyẹ́, bí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 1974, wọ́n kọrin nínú gbọ̀ngàn Metropolitan Opera House ní New York, níbi tí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú olórin ìgboro kankan kò ti kọrin rí. Wọ́n ní kí àwọn tí ń bọ̀ wọ nǹkan fàdákà wá. Àwọn ènìyàn wọ̀ ọ́!

Ní ọdún náà, wọ́n lọ sí New Orleans, Allen Toussaint darí iṣẹ́ àwo orin wọn, Nightbirds. Orin « Lady Marmalade » wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1975, ó gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Gbólóhùn Faransé kan wà nínú orin náà, nítorí pé Faransé ni ó ni New Orleans tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ gbọ́ gbólóhùn náà lórí rádíò, ẹ sì bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Patti tí ó ń kọ ọ́ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin méjì ni ó kọ orin náà, nípa obìnrin tí ń ta ara rẹ̀ ní New Orleans. N kò fi Patti ṣẹ̀sín. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó ti tẹ ìka sórí ìwé tí kò lè kà rí, ó mọ bí ó ti ń rí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá túká? Lẹ́yìn « Lady Marmalade », irú rẹ̀ mìíràn ni ọjà ń retí. Wọ́n ṣe àwo Phoenix ní 1975, wọ́n ṣe Chameleon ní 1976. Kò sí èyí tí ó tà tó ti àkọ́kọ́. Àárẹ̀ ti dé. Nona fẹ́ rọ́ọ̀kì tí ó le, Patti fẹ́ orin tí ń wọ ọkàn, Sarah fẹ́ orin ijó dísíkò. Ní oṣù kejìlá 1976, ní ìlú Baltimore, ìdààmú ọkàn bá Nona gidigidi ní alẹ́ tí wọ́n ń ṣeré. Ibẹ̀ ni Patti ti rí i pé bí àwọn kò bá pín iṣẹ́, ọ̀rẹ́ ni yóò kú. Wọ́n pín iṣẹ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe àwo tirẹ̀.

Láti 1962 sí 1976, ọdún 14 nìyẹn. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin mélòó ni ó pé ọdún 14 ní àdúgbò yín? Àwọn Beatles, ọkùnrin mẹ́rin tí gbogbo ayé ń sá tẹ̀ lé, kò ju bí ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó pínyà ní 1970. Lẹ́yìn àjọ̀dún orin kan ní Berlin ní 1978, Tony Allen onílù àti púpọ̀ nínú àwọn olórin Africa 70 kúrò lọ́dọ̀ Fela, wọ́n ní owó kò tó. Ta ni ó sọ pé ọkùnrin kò lè ṣe ẹgbẹ́? Bí ọkùnrin bá pínyà, a ó ní wọ́n jà lórí owó tàbí lórí iṣẹ́. Bí obìnrin bá pínyà, a ó ní ìlara ni. Ìwọ̀n méjì ni a fi ń wọn ẹrù kan náà.

N kò sọ pé obìnrin kì í bínú. Mo mọ èyí tí mo ti rí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ kan fi túká, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè pé: ta ni ó di ìwé mú? Ta ni ó fún wọn lórúkọ? Ta ni ó ń ka owó?

Bí ẹ bá ní ti Amẹ́ríkà ni mo ń sọ, ẹ wo ọmọ Yorùbá. Taiwo àti Kehinde Lijadu, ìbejì, ṣe àwo orin mẹ́rin ní Nàìjíríà láàrin 1976 sí 1979, wọ́n sì fi fọ́ńkì bá ìlù wa lò. Wọn kò bá ara wọn jà. Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1996, Kehinde ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, orin sì dúró. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní New York títí Kehinde fi kú ní 2019.

Àwọn Labelle ńkọ́, àwọn oníjà? Ní 2008, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún pàdé, wọ́n ṣe àwo kan pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Patti ń kọrin ní Atlantic City, Sarah gun orí ìtàgé lọ bá a, wọ́n jọ kọrin. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Sarah kú, ọmọ ọdún 76. Nǹkan bí ọdún 45 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ní wọ́n túká.

Àwọn obìnrin mẹ́jọ ọjọ́ yẹn ṣì ń yan gàrí. Wọ́n ṣì ń kọ owó àjọ wọn sínú ìwé. Ọkùnrin tí ó jókòó nídìí tábìlì kò tíì ṣí i.