Ìtọ́jú àti Àtúnṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tuntun àti Ìwé Ìgbọ̀wọ́ Rẹ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà, òwe àti ìtàn ni ẹ sábà máa ń bá lọ́wọ́ mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Ẹ má rò pé mo ti di mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó oṣù méjì lọ́wọ́ mi, gbólóhùn kan náà ni ó sì dá owó náà dúró sí àpò mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni à ń pè ní tòkunbọ̀, orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi tí ó sì padà wálé. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò rí ni àwọn ènìyàn ń pè ní tíà-rọ́bà, nítorí ọ̀rá tí wọ́n ń fà ya kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ra tíà-rọ́bà, a óò kí i pé, "Ẹ kú oríire o! Ẹ ó lò ó pẹ́. Ọkọ̀ ọ̀hún kò ní mu ẹ̀jẹ̀." Lẹ́yìn náà ni a óò ní kí ó jẹ́ kí a fọ ọkọ̀ náà, gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé omi kọ́ ni a fẹ́ fi fọ̀ ọ́, ọtí àti ẹran ni. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé kan wà nínú àpótí kékeré iwájú ìjókòó ọ̀tún tí ẹnikẹ́ni kì í kí káàbọ̀. Ìwé náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Wáráńtì ni àwọn tí ń ta ọkọ̀ ń pè é. Ìgbọ̀wọ́ ni èmi ń pè é, mo sì ní ìdí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó, tí olówó kò sì gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹlòmíràn lè dúró fún un gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Ohun tí onígbọ̀wọ́ ń sọ ni pé, "Bí ẹni yìí bá já yín kulẹ̀, èmi ni kí ẹ mú." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọkọ̀ tí ó tà. Ó ń sọ pé bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ nítorí pé wọn kò ṣe é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni yóò tún un ṣe tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ kì í dúró fún gbogbo gbèsè. Táyà, bíréèkì páàdì, wáípà àti gílóòbù, àwọn ohun tí lílò ń jẹ, kì í sábà sí lára rẹ̀. Ìjàmbá ojú ọ̀nà kò sí níbẹ̀. Omi àgbàrá tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì kò sí níbẹ̀. Wáyà tí rìwáyà gé láti fi rédíò mìíràn sínú ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ óò rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì figbe ta. Ẹ̀bi ẹni tí ó ta epo ni irú ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe ọkọ̀. Ìgbọ̀wọ́ kì í sábà dé ibẹ̀.

Àkókò rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: "ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà." Nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, "tàbí" sábà máa ń fún ènìyàn ní àyè láti mú èyí tí ó wù ú: ẹ jẹ ẹ̀bà tàbí iyán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ka ìwé náà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á ní ọdún mẹ́ta ni tàwọn. Rárá o. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé ni òpin. Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ń rin nǹkan bí 250 kìlómítà lóòjọ́, ìyẹn 1,250 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 80, 100,000 ti pé. Kò tilẹ̀ tíì pé ọdún méjì, onígbọ̀wọ́ ti lọ sílé rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ méjì tí mo fi ṣe àkọlé. Àtúnṣe ni ohun tí a tún ṣe. Ó ti di dandan kí nǹkan bàjẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó wúlò. Ìtọ́jú kò dúró de ìbàjẹ́. À ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú aláìsàn, à ń tọ́jú arúgbó, à ń tọ́jú owó pamọ́. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí dájú, ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ìwà wa kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni à ń lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń wúkọ́, nígbà tí ó bá ń jó ọ́ìlì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti nọ́ọ̀kì. Àtúnṣe ni ìyẹn.

Ìtọ́jú ni kí a yọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń dùn bí agogo. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ nínú ooru, agbára rẹ̀ láti mú irin yọ̀ lára irin á dínkù, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì di ẹrẹ̀. Ìtọ́jú ni kí a pààrọ̀ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ìtọ́jú ni kí a pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, nítorí pé ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Omi inú rẹ̀ lè hó nígbà tí a bá ń tẹ bíréèkì léraléra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, bíréèkì kò sì ní mú mọ́. Ìwé ọkọ̀ púpọ̀ tún sọ pé bí ẹ bá ń wakọ̀ nínú eruku, nínú ooru, tàbí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kí ẹ má ṣe dúró de iye kìlómítà tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ tí ń rìn geere, kí ẹ tètè ṣe é. Ta ni nínú wa ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Kókó ọ̀rọ̀ mi rèé: ìgbọ̀wọ́ ń san owó àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe ìtọ́jú, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, ni ọwọ́ rẹ̀ le láti béèrè.

Ìyà ni ó kọ́ mi. Ní ọdún 2022 ni èmi àti ìyàwó mi fi owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ra ọkọ̀ tuntun, nítorí pé ọmọ mẹ́ta ni a bí, ìyá mi sì ń bá wa gbé. Nígbà tí ó rin 5,000 kìlómítà, mo gbé e padà lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún wa. Wọ́n ṣe sáfíìsì rẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ó pé 10,000, mo wo owó wọn, mo wo jíjìn ibẹ̀, mo sì gbé e lọ bá mẹkáníìkì tí ó ti ń bá mi ṣe ọkọ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó yọ ọ́ìlì, ó pààrọ̀ fílítà, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi." Ó ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà, Dókítà." Kò sí rìsíìtì, kò sí òǹtẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ní 15,000 àti ní 20,000.

Ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ dákẹ́ láàárín ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ni ó kú. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá onígbọ̀wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn káńtà ṣí ìwé mi, ó ní, "Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbí, sà. Wáráńtì yín ti bàjẹ́." Iye tí wọ́n dá lé e ju owó oṣù mi méjì lọ.

Ìyá àgbà kan, oníṣòwò aṣọ, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún un nípa ọkọ̀ tí ó fi ń kó ọjà. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin Mà, ṣé wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ni wọ́n mọ̀wé, ọmọ mi." Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó ka owó, ó sì san án.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti ìwé pélébé yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú mi kàn ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá mi ni ó tó yé èmi alára. Ohun tí ó sọ ni pé: "Ìgbọ̀wọ́ yìí kò kan ìbàjẹ́ tí ó bá ti ara àìtọ́jú ọkọ̀ wá." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà, ẹ wo iṣẹ́ tí awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe ń ṣe níbẹ̀. "Ìbàjẹ́" ni ó ń yán. Kò sọ pé gbogbo ìbàjẹ́, kò sì sọ pé ìgbọ̀wọ́ parẹ́ pátá. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ní ọ́ìlì tirẹ̀ tí ó ń lọ yípo pẹ̀lú gáàsì tí ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò dé ibẹ̀ rí. Báwo wá ni òǹtẹ̀ tí kò sí fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe pa á?

Mo kọ lẹ́tà, mo fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè mí, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn ènìyàn kì í ka ìwé yẹn."

Ẹ má tíì kí mi kú oríire. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni ó nọ́ọ̀kì, kí ni mo fẹ́ fi hàn pé mo pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Mo jàre lórí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi lórí ìwé. Kò burú kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì àdúgbò bí ìwé yín kò bá kà á léèwọ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 lẹ́yìn yín: ilé-iṣẹ́ kò lè sọ pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni kí ẹ ti ṣe sáfíìsì kí ìgbọ̀wọ́ tó dúró, àyàfi tí ó bá ń ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́, iye kìlómítà, irú ọ́ìlì àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i. Kékeré ni a ti í pa ẹ̀ka ìrókò.

Ìyá oníṣòwò yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ka ìwé, mo bọ́. Òun san owó, bóyá lórí ohun tí kò yẹ kí ó san án lé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2018, èyí tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti rí àlàyé gbà ní èdè tí ó rọrùn tí ó sì yéni. Mo bi yín, èdè wo ni ó yé ìyá náà? Èdè tí ó fi ń ná ọjà, tí ó fi ń ka owó, tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwà. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè fi Yorùbá polówó ọkọ̀ lórí rédíò, kí ó fi Yorùbá kọ ohun tí ó ń gbọ̀wọ́ fún.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lọ jókòó ní ọgbà mẹkáníìkì fún wákàtí kan. Láti àárọ̀ dé alẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń tò ó padà. Àwa tí a kàwé ni a kò tíì kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé: ẹ mú ìwé ìgbọ̀wọ́ kan, ti ọkọ̀ tàbí ti fíríìjì ilé yín, kí ẹ túmọ̀ ojú ewé kan péré. Ẹ kà á fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé yín. Bí kò bá yé e, ẹ tún un túmọ̀.

Bí ẹnìkan bá sì tún ra tíà-rọ́bà ní àdúgbò yín, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ bá a fọ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní "Ẹ ó lò ó pẹ́," ẹ bi í pé, "Ẹ ti ka ìwé rẹ̀?" Ìbéèrè náà wà lára àdúrà.

Ire o.