Iṣẹ́ Abẹ Kì í Parí Lẹ́nu Ọ̀nà Ọsibítù

Láti Maryland dé Ìkẹjà, títí lọ dé Agége, ọsibítù pọ̀ bí ilé epo. LASUTH, ọsibítù ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Ìkẹjà. Ọsibítù ìjọba wà ní Orílé-Agége. Ti aládàáni ò lóǹkà. Ní púpọ̀ nínú wọn, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún, tàbí tí wọ́n fẹ́ yọ kókó kékeré lára rẹ̀, lè má sùn síbẹ̀ rárá. Á dé láàárọ̀ láìfẹnu kan nǹkan, wọ́n á ṣe é, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ní kó máa lọ sílé. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì ò tó, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ilé ẹni sì tura ju wọ́ọ̀dù lọ. Ohun tí mo ń bá jà ni ọwọ́ yẹpẹrẹ tí a fi ń mú wákàtí ìdásílẹ̀ yẹn, bí ẹni pé iṣẹ́ dókítà ti tán pátápátá, ó ku kẹ̀kẹ́ Márúwá tí yóò gbé aláìsàn.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1909, James Nicoll, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ròyìn iṣẹ́ abẹ 8,988 tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé láìdá wọn dúró sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n Nicoll kò kàn ní kí ìyá àti ọmọ máa lọ: nọ́ọ̀sì ń lọ wò wọ́n nílé. Ìdajì tó rọrùn nínú ọgbọ́n rẹ̀ la mú, a fi ìdajì tó lágbára sílẹ̀. Ìdajì tí a fi sílẹ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 25 nílẹ̀ Áfíríkà, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2018, tẹ̀lé aláìsàn tó lé ní 11,000. Nínú àwọn tó kú, ó lé ní 90 nínú 100 tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kú. Nínú gbogbo wàhálà tó ń tẹ̀lé abẹ, kí kòkòrò àrùn wọ ara ló wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ aláìsàn inú ìwádìí yẹn ṣe iṣẹ́ abẹ tó le ju ti ìpá lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n sì wà, tí nọ́ọ̀sì ń yọjú sí wọn. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí dókítà ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ni ewu dé. Ta ló wá ń yọjú sí ẹni tó ti sùn sílé?

Kí la tilẹ̀ ń kó lé e lọ́wọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn inú láílọ́ọ̀nù ni, àti ọjọ́ tí yóò padà wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n sọ nígbà tí oògùn oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Nítorí oògùn yẹn ni wọ́n ṣe ní kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ fún wákàtí 24. Báwo ni wọ́n ṣe wá retí pé kó rántí ìkìlọ̀ mẹ́jọ? Wọ́n á ní, “Má gbé ohun tó wúwo.” Kí ló wúwo lójú ẹni tó ń fi èjìká ru àpò sìmẹ́ńtì kílò 50? Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 lé ní kílò 25, ẹni tó ń pọn ọ́n gun pẹtẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́ kò sì kà á sí ẹrù. Wọ́n á ní, “Tí nǹkan bá ṣe ọ́, padà wá.” Nǹkan wo? Kí wọ́n dárúkọ wọn: ibà, ọyún, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò jáde, ẹsẹ̀ kan tó wú. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 23, ti sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera fi èdè tó yé aláìsàn ṣàlàyé fún un níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó sì wo bí ìwé kíkà rẹ̀ ṣe mọ. Èmi ò bèèrè ju òfin lọ.

Àwọn ọsibítù yóò ní ọwọ́ ò tó, pé àwọn nọ́ọ̀sì ti jápa. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwé ìdásílẹ̀ ojú kan lédè Yorùbá, tí ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré la ó kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ti Haúsá àti Píjìn mọ́ ọn, nítorí Agége kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò gba dókítà. Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Fóònù tó ń gba àdúrà lóròòwúrọ̀ á gba ìlànà ìtọ́jú egbò. Wọ́n á tún ní aláìsàn ló ya olórí kunkun, pé kẹ́míìsì ló ń sáré lọ, tó ń tú kápúsù da sójú egbò. Ìyẹn burú, egbò tí wọ́n ti rán pa kò nílò ìyẹ̀fun kankan. Ṣùgbọ́n láago mẹ́wàá alẹ́, kẹ́míìsì ló ṣílẹ̀kùn, òun ló sì ń dáhùn láìgba owó káàdì. Ibi tí wọ́n ti dá ènìyàn lóhùn ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ní kí wọ́n san owó ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún fún òṣìṣẹ́ tí dókítà jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Àwọn tó ń gba owó ojúmọ́ láwọn ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà Ọba Akran kì í fẹ́ bèèrè, kí wọ́n má bàa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà kí lẹ́tà ìsinmi bá oògùn rìn láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ rẹ̀, kó sì sọ iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ ṣe àti ìgbà tó lè padà sídìí rẹ̀. Kí owó wíwẹ egbò náà wà nínú owó iṣẹ́ abẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Á mú iṣẹ́ abẹ náà gbówó lórí díẹ̀, mo gbà. Egbò tí wọ́n ní láti tún ṣí ló ń jẹ owó gan-an.

Àjọ HEFAMAA tó ń bójú tó àwọn ọsibítù l'Ékòó lè béèrè ìwé ìdásílẹ̀ yìí kí wọ́n tó sọ ìwé àṣẹ ọsibítù kankan dọ̀tun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n máa ń gbé lóru. Ẹ pè é wò níwájú wọn.