Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Olùkọ́ Yorùbá àti Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Lórí Ayélujára

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá tí ó wà ní òkè òkun mu gan-an. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, Berlin, Chicago àti àwọn ìlú mìíràn ti ń ya àwòrán ère, ọpọ́n Ifá, ẹ̀wù egúngún àti ìlù, tí wọ́n sì ń gbé wọn sórí ayélujára kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ ti gba orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó wo ilé. Ohun tí a máa ń kà lábẹ́ àwòrán kò ju pé ère ni, Yorùbá ni ó ni ín, Nàìjíríà ni ó ti wá. Kò sí orúkọ ìlú, kò sí orúkọ agbẹ́gilére, kò sí oríkì, kò sí iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe nínú agbolé tí wọ́n ti gbé e kúrò.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé gbígbé àwòrán sórí ayélujára kò tíì di àjọpín àyàfi tí ìmọ̀ ilé bá bá àwòrán náà rìn. Àwọn tí iṣẹ́ yìí sì tọ́ sí jù lọ ni olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Àríkọ́gbọ́n Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Ẹdó

Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ìbìní, tí wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ, eyín erin àti igi kúrò ní ààfin Ọba Ovonramwen. Láti ìgbà náà ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti fọ́n káàkiri ayé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ṣí àkójọ kan sílẹ̀ lórí ayélujára tí a mọ̀ sí Digital Benin. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé MARKK ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, ni ó gba iṣẹ́ náà sílé. Ohun tí ó lé ní 5,000 ni àkójọ yìí so pọ̀ láti inú ilé àkójọ 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ẹni tí ó jókòó sí Bódìjà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lè wo ohun tí ìbá gba owó ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé ìrìnnà sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ kí ó tó rí.

Síbẹ̀, kì í ṣe iye yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè kọ́kọ́ kíyè sí. Ohun tí ó yẹ kí ó kíyè sí ni pé àwọn ọmọ Ẹdó fúnra wọn jókòó ti iṣẹ́ náà. Wọ́n to àwọn nǹkan sí abẹ́ orúkọ tí Ẹdó ń pè wọ́n, wọ́n ṣàlàyé orúkọ, wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ kí a lè gbọ́ bí a ti ń pè é. Wọ́n tún gba ìtàn àtẹnudẹ́nu sílẹ̀. Èdè Ẹdó tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọ inú àkójọ náà. Èyí ni ohun tí èdè Yorùbá kò tíì rí gbà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà Yorùbá kún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun.

Ààfin Kan ní Ìlú Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wò. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó sí ààfin náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn kan níbẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gbà láti tà á. Ohun tí ó gbà ni kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn náà ṣe di ti Lọ́ńdọ̀nù. Òpó kan láti ààfin yìí kan náà wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọba jókòó lára òpó náà, olorì àgbà sì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀.

Ààfin kan ti wá pín sí Ìkẹ́rẹ́, Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago. Kọ̀ǹpútà lè tún un tò pọ̀ lójú akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní wéréwéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé 'opo' láìfi àmì ohùn sí i, kí ni òǹkàwé yóò kà? Òpó ni ohun tí ó gbé òrùlé ró. Opó ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àjèjì tí ó rí obìnrin tí ó dúró lẹ́yìn ọba, tí ó sì rí ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, lè fi opó kọ ìtàn tí kò sí níbì kankan. Àmì ohùn tí àwọn kan kà sí wàhálà lásán ni yóò gba ìtàn ààfin náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oríkì tún wà ńbẹ̀. Ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton. Àádọ́ta ọdún ni Ọlọ́wẹ̀ ti kú nígbà náà. Bí ìyá yẹn bá ti kú ṣáájú, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ì bá ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago, ṣùgbọ́n oríkì tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ ì bá ti bá ìyá náà wọlẹ̀. Bákan náà ni ti Sàlàkọ́, awo ẹẹ́rìndínlógún ará Ọ̀yọ́, tí William Bascom gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1951, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1980. Nítorí pé ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ẹsẹ wọ̀nyẹn ní olóhùn títí dòní. Mélòó nínú àwọn ère tí ó wà lórí ayélujára ni ó ní irú olóhùn bẹ́ẹ̀?

Ìbàdàn Ní Ohun Tí Ó Tó Bẹ̀rẹ̀

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òkè òkun nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. National Museum of Unity wà ní Alẹ́ṣinlóyè, kò sì jìnnà sí Dùgbẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó kọjú sí Agbowó, ní Institute of African Studies tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Inú ọgbà Yunifásítì yìí kan náà ni National Archives wà, ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba tí Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ìṣètò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó wọ ọkọ̀ ní Challenge tàbí Ring Road lè dé ibi wọ̀nyí láàárọ̀, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Iṣẹ́ tí ó ti Ìbàdàn jáde lọ sí òkè òkun náà wà. Ní ọdún 1951, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tí ó jẹ́ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, wá sí University College, Ìbàdàn. Ó gba ìtàn, orin àti òwe Yorùbá sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Apá kan ohùn wọ̀nyẹn wà ní Yunifásítì Indiana lónìí. Etí ta ni ó lè mọ ẹ̀ka èdè tí olóhùn ń sọ, kí ó sì mọ ìgbà tí òwe parí tí ìtàn bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dénú ni.

Àìlera kan wà nílé tí kò ṣe é fi bò. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé bí irú èyí tí ó wà ní Agbowó, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa ń jáde nígbà mìíràn láìní àmì ohùn, nítorí pé ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà òun kò ní i. Àwáwí yìí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ mọ́. A lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí fóònù lásán báyìí. Ẹ̀ka Yorùbá tí ó bá gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé kò ní ẹnu láti bá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun wí.

Ohun Tí Kò Yẹ Fún Gbogbo Ojú

Kì í ṣe gbogbo ohun ni a ń pín. Ní Ìbàdàn, obìnrin kì í rí egúngún Olóolù. Bí ó bá jáde, àwọn obìnrin a máa wọlé. Kí ni kí a wá ṣe bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn tí a lè tì? Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí a bá fi pamọ́ yóò parun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a lè kọ ìtàn ohun kan, kí a sì kọ orúkọ agbolé tí ó ni ín, láìfi àwòrán rẹ̀ han ayé. Àwọn tí wọ́n ni nǹkan náà ni ó yẹ kí ó sọ ibi tí ó yẹ kí a dúró. Bí àjọṣepọ̀ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò bá fi àyè ìgbàṣẹ yìí sílẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n tún ń kó ẹrù ẹlẹ́rù lẹ́ẹ̀kejì.

Àwòrán Kì í Ṣe Ohun Náà

Iyèméjì tí ó lágbára jù ni ti àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé àwòrán yóò di ẹ̀tàn. Kò sí ẹni tí a jí ẹṣin rẹ̀ gbé tí yóò gba àwòrán ẹṣin náà, kí ó sì dúpẹ́ pé òun ti rí nǹkan gùn. Ìbẹ̀rù yìí tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ fi hàn pé ọ̀kan kò ní kí èkejì má wáyé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022, Jámánì àti Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé ìpadàbọ̀ àwọn iṣẹ́ ọnà Ìbìní. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí Digital Benin. Ní ọdún 2025, Netherlands dá 119 padà. Àkọsílẹ̀ tí ó dájú nípa ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà a máa ran ẹni tí ó ń bèèrè ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí a kọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán san gbèsè ohun gidi.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti owó dátà kò gbọdọ̀ di gbígbàgbé. Àkójọ tí ó wà lórí ẹ̀rọ ní Yúróòpù nìkan jẹ́ ti ẹni tí ó lówó dátà. Ó yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ìbàdàn àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó láìná kọ́bọ̀.

Ohun Tí Ẹ̀ka Yorùbá Lè Ṣe

Iṣẹ́ àṣekágbá NCE ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo, yálà ní Alẹ́ṣinlóyè tàbí lórí ìkànnì ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun kan. Kí ó wá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ìlú àti agbolé tí ó ti wá bí a bá lè mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó ṣe é, oríkì rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀. Kí ó gba ohùn àgbà tí ó sọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ àgbà náà, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ bí àgbà náà bá fẹ́. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún kan yóò ṣe ọgọ́rùn-ún ohun ní ọdún márùn-ún.

Ti àwọn olùkọ́ àgbà ni láti yẹ iṣẹ́ náà wò, kí wọ́n sì kọ ìwé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ilé wọ̀nyí a máa kọ nọ́ńbà sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Kí ìwé náà tọ́ka sí nọ́ńbà yẹn, kí ó sì sọ àtúnṣe tí ó yẹ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó bá gba ìmọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí ó fún un, kí ó sì san owó iṣẹ́. Wọ́n ń sanwó fún ayàwòrán. Ẹni tí ó mọ orúkọ ohun tí ó wà nínú àwòrán kò kéré jù ú lọ.

Èyí tí kò ṣe é sún síwájú nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Igi àti idẹ wà nínú gíláàsì, wọ́n lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Àwọn tí wọ́n mọ orúkọ wọn kò sí nínú gíláàsì. Kí ẹ̀ka Yorùbá tó tún fọwọ́ sí àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá ti ọdún tí ń bọ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé àgbà wo ni ó kù ní àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ bá.