Ẹ jẹ́ kí a bi pápá léèrè

Ẹ̀yin èèyàn wa, láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Nàìjíríà ti fi gólù 4 sí òdo na Guépards Bẹ̀nẹ̀ ní Uyo, èébú ni àwọn ọmọ náà ń jẹ lẹ́nu wa, láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ wọn kò mọ bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá lóòótọ́: àmì 18 ni Gúúsù Áfíríkà fi ṣe ipò kìíní, 17 ni tiwa. Àmì kan péré ló dí wa lọ́nà Ife Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ti ń gba àlejò nínú ìdíje yẹn? Abidjan ni, nítorí pé pápá tiwa kò tíì dé ipò tí wọ́n ń fẹ́. Ẹnì kan á ní ṣebí ibẹ̀ náà ni a ti fi 2-1 na Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2024. Bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ náà sì ni Gúúsù Áfíríkà ti fi 2-0 na wá ní oṣù kẹta 2025.

Agbábọ́ọ̀lù tó mọ pápá rẹ̀ mọ bí yóò ṣe gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí koríko bá ga tó sì gbẹ, bọ́ọ̀lù kì í sáré. Àárín ọ̀nà ni yóò dúró sí, ọ̀tá á gbé e lọ. Bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun, bọ́ọ̀lù á fò nígbà tí kò yẹ, ọmọ náà á tẹjú mọ́lẹ̀ dípò kó wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá Yúróòpù fi ń gé koríko wọn kúrú, tí wọ́n sì ń bomi rin ín kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ti oòrùn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ru ẹrù láti oko dé ọjà lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé ọwọ́ tí kì í ṣìṣe láàárọ̀ a máa ṣìṣe nígbà tó bá yá.

Ìlú La Paz ní Bolivia ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 3,600 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù ń yára ju bó ṣe yẹ lọ, àlejò kì í rí èémí mí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2009, 6-1 ni wọ́n na Argentina níbẹ̀, Messi wà lórí pápá, Maradona sì ni olùkọ́ni. Ṣé Messi gbàgbé bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn ni?

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù àti ìjọba kò pọ̀. Kí ìdíje mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí Guépards ní pápá tó péye nílé, kí a máa tọ́jú koríko rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ eré nìkan. Kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí fún ará ìlú. Ìyá olómi tútù tí ì bá máa tajà lẹ́nu ọ̀nà pápá ní Kútọnu, àwọn ará Abidjan ló ń bá a pa owó yẹn.