Ìkìlọ̀ Dáàmù: Ẹ Sọ Èyí Tí Kò Dá Yín Lójú Náà

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn aláṣẹ sọ fún ará Maiduguri pé dáàmù Alau kò ya, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, dáàmù náà ti ya, omi ti wọ ilé, ó ti wọ ilé ìwòsàn, ó ti dé ọgbà ẹranko. Lójú tèmi, àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe pé wọn kò mọ ọjọ́ tí yóò ya. Ta ló lè mọ̀ ọ́n? Wọ́n fi òní ṣe ẹ̀rí ọ̀la ni, wọ́n sì fi iyèméjì pamọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, ó ti ń wọ àfonífojì Ògùnpa, odò tó pa èèyàn tó lé ní 200 ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, dáàmù Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, àgbàrá sì wó afárá. Àwọn kan ní bí aláṣẹ bá sọ pé “kò dá wa lójú”, ìpayà ni yóò dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpayà tó burú jù ni ti omi tó bá èèyàn lójú oorun. Ẹni tó gbọ́ pé, “Omi ku ẹsẹ̀ bàtà méjì kó kọjá orí dáàmù, bí òjò bá rọ̀ di alẹ́, ó lè kọjá, a ó tún sọ̀rọ̀ láago mẹ́fà,” mọ ohun tí yóò gbé àti ọ̀nà òkè tí yóò gbà. Ẹ̀yin aláṣẹ omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ báyẹn kí òjò tó dé.