Ẹ Bi Àgbà Léèrè

Yorùbá ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ǹjẹ́ à ń fi òwe yìí ṣèwà hù nígbà tí ìkọlù ọkàn bá dé bá arúgbó ilé wa?

Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà mi, ẹni ọdún 84 tó ṣì ń ta ẹ̀gúsí lọ́jà, bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Wọn kò sọ pé àyà ń dun àwọn, a sì rò pé ibà ni. Ọjọ́ kejì ni a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan. Dókítà ní ọkàn ni. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Màmá ti dàgbà. Ẹ máa gbé wọn lọ sílé.” Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀. Màmá lajú sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ wa, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n dágbére fáyé. A pa màlúù, a gbé ìlù. Oríkì ìdílé wa tí mo ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn dúró sí ìdajì.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ló máa ń dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn. Bó bá pẹ́, ẹran ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lára arúgbó, ó lè máà mú ìrora àyà wá rárá. Èémí, àárẹ̀, òòyì tàbí ọ̀rọ̀ tí kò lórí lè jẹ́ àmì rẹ̀.

Àwọn kan á ní ara àgbà kò gba wàhálà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí 1,518 aláìsàn tó ti pé ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí irú ìkọlù ọkàn tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àgbà mú. Gbogbo wọn ló gba oògùn. Fún ìdajì, wọ́n tún ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan láti wo ibi tó dí, kí wọ́n sì là á bó bá yẹ. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin, iye tí àrùn ọkàn pa tàbí tí ìkọlù tún bá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọlù tí kò pani dín díẹ̀ fún àwọn tí a ti rọ́bà sí lára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí ìhà kan tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Èrò tèmi nìyí. Ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi dájọ́. Àwa tí à ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ àgbà lọ nítorí oríkì àti ẹsẹ Ifá, à ń bi wọ́n léèrè ohun gbogbo àfi ọ̀rọ̀ ara wọn. Bí àgbà bá ní òun fẹ́ ìtọ́jú, ká fi owó màlúù tọ́jú rẹ̀. Bó bá ní ó tó, ká bá a dẹ ìrora, kó sinmi láàrin ọmọ rẹ̀. Lẹ́nu àgbà ni obì ti ń gbó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í.